Ìdáhùn Tó Sùn Sẹ́nu Géètì

Oríire náà ti sùn, ó ti jí, kí ó tó dé etí ẹni tó ni ín.

Òwúrọ̀ Jímọ̀ ni. Ọyẹ́ bo ọ̀nà Ìpapó bí ẹni da eérú sójú ọ̀run, Ramlah sì dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ wọn, ó ń retí kí fóònù rẹ̀ là. Òfin ibẹ̀ ni pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọ inú ọgbà irin tí wọ́n kó àwọn rọ́bọ́ọ̀tì sí kò gbọdọ̀ mú fóònù dání. Bí wọ́n bá ti dé láàárọ̀, wọ́n á kó o fún Bàbá Ọlágòkè tó ń ṣọ́ géètì, òun náà á sì tò ó sínú àpótí oníhò kan tó jọ ilé ẹyẹlé. Lánàá, iṣẹ́ pẹ́ lọ́wọ́ Ramlah. Nígbà tí ó fi máa jáde, fóònù rẹ̀ ti kú. Kò sí iná nílé tí àwọn òṣìṣẹ́ ń sùn, ló bá dá a padà fún bàbá náà pé kí ó bá òun so ó mọ́ sólà bí ilẹ̀ bá mọ́.

"Ó ti là," ni Bàbá Ọlágòkè wí, ó nà án sí i. "Ó sì ń gbọ̀n bí ẹni ibà mú. Àwọn tó ń wá ọ pọ̀ o. Lánàá náà ó dún, ó dún, ó sú mi."

"Ẹ ò gbé e, Bàbá?"

"Èmi kì í fọwọ́ kan fóònù ẹlòmíì. Ọ̀rọ̀ tó wà nínú ẹ̀ lè máà bá mi lára mu."

Ohùn Àǹtí Mùyìbátù ló kọ́kọ́ jáde. Àbúrò bàbá Ramlah ni, òun ló sì tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ kú. Obìnrin náà kì í kọ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, sísọ ló máa ń sọ ọ́ ránṣẹ́, adìẹ á sì máa ké lẹ́yìn rẹ̀.

"Ìyàwó wa, a kú oríire o. Ọlọ́run á jẹ́ kó tọ́jọ́. Wọ́n ti so yìgì yín lánàá, ìwọ àti Ṣùkúrù, lẹ́yìn ìrun Alaasari. Bàbá ẹ pè ọ́, o ò gbé e. Áfáà ní kí wọ́n tún pè ọ́, kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ. Wọ́n gbé e síta kí gbogbo ilé lè gbọ́, ó ń dún lọ ràì, o ò sọ̀rọ̀. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Àwọn àgbààgbà ní ojú ń tì ọ́. Áfáà ní ìdákẹ́jẹ́ wúndíá ni bẹ́ẹ̀ ni rẹ̀, ó bá so ó. Ó wá dọwọ́ ẹ kó o wálé. Ṣùkúrù ní kó o sọ fún wọn níbi iṣẹ́ yẹn pé bí oṣù yìí bá ti parí, o ò wá mọ́. Wẹ̀ dáadáa kó o tó wọ ọkọ̀ o, kì í ṣe bó o ṣe máa ń wá, tí ìyẹ̀fun á kún etí ẹ."

Ramlah gbọ́ ọ tán, ó tún un gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Adìẹ náà tún ké níbi tó ti ké lákọ̀ọ́kọ́.

Kò kúkú ṣàìmọ Ṣùkúrù. Ẹni tó ń tún ọ̀kadà ṣe ni ní Ṣakí, ó fi bí ọdún mélòó kan jù ú lọ, kò sì sí ẹni tó lè sọ ọ̀rọ̀ àìdáa nípa rẹ̀. Ìgbà kan tí òjò ká wọn mọ́ ọ̀nà Àgọ́-Àmọ́dù, kóòtù òjò ara rẹ̀ ló bọ́ fún Ramlah, tí omi fi rẹ òun gbindingbindin dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Nígbà tí àwọn èèyàn Ṣùkúrù wá tọrọ rẹ̀, Ramlah sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n rò ó." Bàbá rẹ̀ ní, "Rò ó." Láti ìgbà náà ni ìrònú yẹn ti wà nínú rẹ̀ bí ìkòkò tí wọ́n gbé ka ààrò tí wọn ò dá iná sí.

Ó wá ìbẹ̀rù nínú ara rẹ̀ lẹ́nu géètì náà, kò rí i. Ó wá ayọ̀, kò rí i. Inú kò tilẹ̀ bí i. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá sùn lé apá rẹ̀ mọ́jú: apá á wà níbẹ̀, kò sì ní sí níbẹ̀.

"Ṣé kò sí o?" ni Bàbá Ọlágòkè bi í.

"Wọ́n ní mo ti lọ́kọ láti àná."

Bàbá náà wò ó títí. "A kú oríire," ló wí, ohùn rẹ̀ kò sì dá a lójú. Ó gba fóònù náà padà, ó fi í sínú ihò rẹ̀, nítorí pé agogo iṣẹ́ ti lù.

*

Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń sọ di ìyẹ̀fun nílé iṣẹ́ náà. Láti Òtu, láti Ìpapó, títí dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni wọ́n ti ń kó o wá. Ẹnjiníà Olúsọjí, ọ̀gá Ramlah, ti dúró de e lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú báírò tó máa ń há sí etí.

"Ramlah, àwọn òṣìṣẹ́ tuntun ti dé. Bá mi mú wọn yí ká, kí o fi àwọn rọ́bọ́ọ̀tì hàn wọ́n. Bí èmi bá ṣe é, wọ́n á sùn."

Ó lè sọ pé ara òun kò dá. Ó lè sọ pé wọ́n ti sọ òun di ìyàwó lánàá, òun kò sì tíì mọ ibi tí òun máa gbé ọ̀rọ̀ náà lé. Ṣùgbọ́n ó rọrùn láti ṣe ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó wọ bàtà irin, ó dé akoto, ó mú wọn lọ.

Àwọn méjì ló wà nítòsí rẹ̀ jù nínú wọn. Ọ̀kan ni Dáníẹ́lì, ọmọ Òtu, tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́. Èkejì ni Mọ́ládé, ọmọ nọ́ọ̀sì kan ní Ìsẹ́yìn, tó máa ń dojú ìbéèrè kọ èèyàn bí ẹni tan tọ́ọ̀ṣì.

"Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ má sì ré ìlà pupa yẹn kọjá," ni Ramlah bẹ̀rẹ̀. "Ẹ rí ẹ̀rọ ìlọ̀ tó wà lọ́hùn-ún. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ló mọ̀. Bí wọ́n ṣe rọ ọ́ ló ṣe máa wà títí á fi gbó. Rọ́bọ́ọ̀tì yàtọ̀ sí i. A lè kọ́ ọ níṣẹ́ kan lónìí, ká gba iṣẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́la, ká fi òmíràn kọ́ ọ. Ó ní apá, ó ní ọwọ́ tó ṣeé yọ kúrò ká fi òmíràn rọ́pò, ọpọlọ ẹ̀ sì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù irin tó wà lára ògiri yẹn."

"Kò lẹ́sẹ̀?" ni Dáníẹ́lì bèèrè.

"Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn kò ní. Nọ́ọ̀tì ni wọ́n fi dè é mọ́lẹ̀."

"Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò lẹ́sẹ̀ kò ní sá níbi iṣẹ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ramlah náà fi eyín hàn wọ́n. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ bí ẹni pé láti yàrá kejì ló ti ń wá.

Géńdé ni wọ́n kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Apá ńlá aláwọ̀ ìyeyè ni, ó ga ju èèyàn méjì lọ, ó dúró láàárín ọgbà irin, ó ń gbé àpò ìyẹ̀fun kúrò lórí bẹ́líìtì, ó ń tò wọ́n lé ara wọn.

"Ó ní oríkèé mẹ́fà," ni Ramlah wí. "Ìbàdí, èjìká, ìgunpá, ìyókù wà lọ́rùn ọwọ́. Nítorí náà, kò sí ibi tí kò lè yí sí. Irú ẹ̀ ni wọ́n ń lò nílé iṣẹ́ ọkọ̀ láti jó irin pọ̀ àti láti fín ọ̀dà, torí èéfín ọ̀dà kì í pa á lẹ́dọ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, àpò ló ń gbé. Kì í rẹ̀ ẹ́, kì í sì tò ó wọ́."

"Àwọn tó ń to àpò tẹ́lẹ̀ dà?" ni Mọ́ládé bèèrè.

"Àwọn kan wà níbi tí wọ́n ti ń bó ẹ̀gẹ́. Àwọn kan ti lọ sílé."

Bákan náà ló ṣe sọ méjèèjì, bí ìgbà tó ń ka oríkèé Géńdé.

Wọ́n kọjá sábẹ́ Arìnlókè, èyí tó ń rìn lórí irin gígùn méjì lókè àjà. Ramlah ṣàlàyé fún wọn pé ìyẹn kò ní ìgunpá rárá. Iwájú, ẹ̀yìn, ọ̀tún, òsì, òkè, ìsàlẹ̀, kò mọ̀ ju ìyẹn lọ, àmọ́ ẹrù tó wúwo gan-an ni wọ́n ń fún un gbé láti òpin kan gbọ̀ngàn náà dé òpin kejì. Ahun, rọ́bọ́ọ̀tì kékeré onítáyà, gba ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá nígbà náà, ó ru páálí lẹ́yìn, ó ń tẹ̀lé ìlà dúdú tí wọ́n lẹ̀ mọ́lẹ̀. Dáníẹ́lì dúró sójú ọ̀nà rẹ̀ kí ó lè dán an wò. Ahun dúró. Dáníẹ́lì yà, Ahun ń bá tirẹ̀ lọ.

"Ó mọ àgbà," ni Dáníẹ́lì wí.

"Ó mọ ìdènà," ni Mọ́ládé dá a lóhùn.

Alántakùn ló wú wọn lórí jù. Wọ́n so ó kọ́ sókè, ẹsẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ni, gbogbo wọn pàdé nísàlẹ̀ síbi ẹnu kékeré kan tó ń fa nǹkan mọ́ra. Ó ń ṣa ọ̀rá ìyẹ̀fun kéékèèké sínú páálí, ó yá débi pé ojú kò lè bá a. Ramlah sọ pé irú rẹ̀ ni wọ́n fi ń to bisikíìtì àti oògùn níbi tí wọ́n ti ń ṣe wọ́n, torí ohun fúyẹ́ ni agbára rẹ̀ ká, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè bá a sáré.

"Ìyá mi ì bá fẹ́ èyí fún bíbó ẹ̀gúsí," ni Dáníẹ́lì wí.

Jẹ́ẹ́jẹ́ ló gbẹ̀yìn. Apá funfun kékeré ni, kò sí ọgbà yí i ká, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń to ìdérí, òun náà ń lẹ orúkọ mọ́ ike. Ramlah na ọwọ́ sí ojú ọ̀nà rẹ̀. Apá náà kàn án fẹ́ẹ́rẹ́, ó sì dúró.

"Irú èyí ni wọ́n ṣe kó lè máa bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Bó bá ti kàn ọ́, á dáwọ́ dúró."

"Èyí ló yẹ ká fi ṣe ọkọ fún Mọ́ládé," ni Dáníẹ́lì wí.

"Kí ló burú? Ó kéré tán, kò ní máa sọ̀rọ̀ bíi tìẹ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ramlah rí i pé ọwọ́ òun ṣì wà lójú ọ̀nà apá funfun náà, ó ń dúró de e. Ó yọ ọ́ kúrò.

Ó kù kí ó fi bí wọ́n ṣe ń kọ́ rọ́bọ́ọ̀tì níṣẹ́ hàn wọ́n. Ó mú rìmóòtù ńlá tó ní wáyà gígùn, ó wọ inú ọgbà Géńdé, àwọn tó kù sì dúró lẹ́yìn irin.

"Bí a bá fẹ́ kọ́ ọ, a ní láti wọ ibi tó wà. Ibẹ̀ ni ewu wà, torí bó bá gbá èèyàn, kò ní mọ̀ pé èèyàn ni. Ẹ wo bọ́tìnì tó wà lẹ́yìn rìmóòtù yìí. Wọ́ọ́rọ́wọ́ la ń dì í mú. Bí mo bá dì í bẹ́ẹ̀, Géńdé á ṣe ohun tí mo bá ní kó ṣe. Bí mo bá jù ú sílẹ̀, á dúró. Bí ẹ̀rù bá bà mí tí mo fún un pọ̀, á dúró."

"Bí ẹ bá sùn lọ ńkọ́?" Mọ́ládé ló bèèrè.

"Á dúró."

"Bí ẹ bá dákú?"

"Á dúró."

"Bó bá jẹ́ pé ẹ ti sọ fún ọ̀gá tẹ́lẹ̀ pé ẹ fẹ́ kó ṣiṣẹ́," ni Dáníẹ́lì wí, "ṣùgbọ́n ẹ lọ tọ̀, ẹ ò sí níbẹ̀?"

"Á dúró náà ni. Kì í ro ohun tó wà nínú mi wò. Ọwọ́ ló ń wá. Bí kò bá rí ọwọ́, ó gbà pé kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, kò sì ní ṣe nǹkan kan."

Ó ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn òṣìṣẹ́ tuntun láìmọye ìgbà. Lónìí, ó gbọ́ ọ. Kò gún un lọ́kàn, kò sì ta á jí. Ó kàn wọlé, ó jókòó sí kọ̀rọ̀ kan nínú rẹ̀ bí àlejò tí kò tíì sọ ohun tó bá wá.

Ó di bọ́tìnì náà mú, ó mú Géńdé rọra tẹ̀ síwájú, ó mú un gbé àpò kan, ó mú un sọ ọ́ kalẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú ọwọ́ sílẹ̀. Apá ńlá náà dúró sójú kan, bí ẹni tí wọ́n pè tó sì ń retí kí ẹni tó pè é sọ ìdí.

*

Ẹnjiníà Olúsọjí ti gbọ́. Kò sí ohun tí Bàbá Ọlágòkè mọ̀ tí ilé iṣẹ́ kì í mọ̀ kí oòrùn tó kan àtàrí.

"Wọ́n ní wọ́n ti fi ọ́ fọ́kọ."

"Wọ́n ní bẹ́ẹ̀, sà. Mo fẹ́ gba ààyè lọ sílé."

"Máa lọ. Ṣé o ṣì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Ó yọ báírò létí, ó tún un há. "Mi ò bínú o. Mo kàn ní láti mọ̀ ni, kí n lè wá ẹlòmíì tó máa di Géńdé mú. Bí mi ò bá ti gbúròó ẹ títí di ọjọ́ Ajé, mo máa gbà pé o ò wá mọ́ nìyẹn."

Ẹ̀rín kúkurú kan bọ́ lẹ́nu Ramlah, ó ya òun gan-an lẹ́nu.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Kò sí nǹkan, sà. Ó jọ pé gbogbo èèyàn ló gbọ́ èdè ìdákẹ́jẹ́ mi, àfi èmi."

Ó gba fóònù rẹ̀ lẹ́nu géètì, ó wọkọ̀ ní Ìpapó. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Koríko ti gbẹ, àwọn kan ti ń sun ún káàkiri, igi emi sì dúró lọ́kọ̀ọ̀kan lórí ilẹ̀ dúdú bí ẹni tí wọ́n bá wí tí kò fèsì. Wọ́n kọjá Òtu. Ó gbìyànjú láti rí ara rẹ̀ nílé Ṣùkúrù ní Ṣakí: agbada omi lẹ́yìn ilé, òórùn ọ́ìlì lára aṣọ tó máa fọ̀, ọmọ lẹ́yìn. Àwòrán náà wá, kò burú. Ó gbìyànjú láti rí ara rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Géńdé títí irun orí rẹ̀ á fi funfun. Ìyẹn náà wá, kò burú. Ó wò wọ́n bí ẹni ń wo ilé onílé láti inú ọkọ̀. Ní Àgọ́-Àmọ́dù ló ti gun ọ̀kadà dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí.

*

Àǹtí Mùyìbátù ló kọ́kọ́ rí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ wo ìyàwó o. Ẹ wo bó ṣe ń rìn bí ẹni tó wá gba káàdì ìdìbò. Ṣé o wẹ̀?"

"Ẹ kú ilé, Àǹtí. Mo wẹ̀."

"Irọ́ ni, ìyẹ̀fun wà létí ẹ." Ó fi etí ìborùn rẹ̀ nù ún fún un. Nígbà tó rí ojú rẹ̀ nítòsí, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Kí ló dé tó o rí bẹ́ẹ̀? Bí ó ṣe máa ń rí ni. Èmi náà ò sọ̀rọ̀ nígbà tèmi. Ọmọ tó bá yára dáhùn pé òun gbà, wọ́n á ní ojú ẹ̀ ti là jù. Èyí tó bá dákẹ́ ni wọ́n tọ́ dáadáa."

"Ṣé ibẹ̀ lẹ wà nígbà tí wọ́n bi yín?"

"Níbo ni mi ò bá wà? Mo jókòó sí àárín wọn, mo fi gèlè bojú."

"Èmi ò sí níbẹ̀, Àǹtí."

Obìnrin náà fọwọ́ júwe ẹ̀yìn ilé fún un.

Ràmọ́nì, bàbá Ramlah, wà lábẹ́ ìbòji kajú lẹ́yìn ilé, ó ń ki ọkọ́ tuntun bọ èèkù. Ó ti Jímọ̀ dé, ṣùgbọ́n kò tíì bọ́ agbádá. Ramlah kúnlẹ̀ kí i. Ó súre fún un, kò sì wò ó lójú.

"Mo pè ọ́," ló wí.

"Ẹnu géètì ni fóònù wà, Bàbá. Inú àpótí. Wọn kì í jẹ́ ká mú un wọlé."

"Ta ló sọ ìyẹn fún mi? Mo gbọ́ tó ń dún. Mo rò pé ò ń wò ó ni."

"Ẹ ní kí n rò ó."

"O sì ń rò ó láti ìgbà tí a ti ń gbin iṣu." Ó fi ọkọ́ náà lu ilẹ̀ díẹ̀ kó lè wọlé. "Wọ́n wá pẹ̀lú ọ̀wọ̀, Ramlah. Owó sàdáákì wà nílẹ̀, Áfáà jókòó. Kí ni mo fẹ́ wí? Ó ní o dákẹ́."

"Mi ò dákẹ́, Bàbá. Mi ò sí níbẹ̀ ni."

Ọwọ́ bàbá náà dúró lórí ọkọ́. Adìẹ tó ń ké nínú fóònù gba ìdí àwọn méjèèjì kọjá, tàbí àbúrò rẹ̀.

"Áfáà fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lẹ́yìn Jímọ̀," ni bàbá rẹ̀ wí. "Ó ní oorun òun kò já gaara lánàá. Ó ní òun rò ó lórí ibùsùn, òun rí i pé fóònù tó ń dún kò jọ wúndíá tó dákẹ́. Ó ní kí wọ́n bi ọ́ lójúkojú. Bó o bá ní o ò gbà, òun ò ní lè pe yìgì yẹn ní yìgì. Bó o bá gbà, tàbí tí wọ́n bi ọ́ tó o dákẹ́, ó ti dúró nìyẹn."

"Ẹ bi mí nígbà náà, Bàbá."

Ràmọ́nì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹnu mi ni mo fi gbà lánàá lójú gbogbo ẹbí wọn. Mi ò lè tún fi ẹnu kan náà bi ọ́ lónìí. Ṣùkúrù ń bọ̀ kí wọ́n tó pe ìrun Màgàríbà. Ohun tó o bá ní í sọ, òun ni kó o sọ ọ́ fún. Èyí tó o bá sọ fún un, mo máa gbé e dé ọ̀dọ̀ Áfáà, ì báà korò."

*

Oòrùn ti ń pọ́n lẹ́nu nígbà tí wọ́n gbọ́ ìró ọ̀kadà rẹ̀. Ṣùkúrù ti wẹ̀, ó wọ jalabíà funfun, ṣùgbọ́n òórùn ọ́ìlì kò fi ìka rẹ̀ sílẹ̀. Ó kí àwọn àgbà tán, ó bá Ramlah lábẹ́ kajú náà, ó jókòó sórí àpótí tí bàbá rẹ̀ dìde kúrò lórí rẹ̀.

"Ìyàwó mi."

"Ẹ káàbọ̀, Bùrọ̀dá Ṣùkúrù."

"Bùrọ̀dá yẹn kò tíì tán?" Ó rẹ́rìn-ín, ó yọ nǹkan kan lápò. Páwà báǹkì ni, tuntun, wọn ò tíì ya ọ̀rá ara rẹ̀. "Mo gbọ́ pé fóònù ẹ máa ń kú. Mo ní kí n mú èyí wá, kó má kú mọ́."

Ramlah gbà á, ó dúpẹ́. Ó gbé e sórí itan. Ó wúwo díẹ̀, ó sì tutù.

"Wọ́n ní ẹ ní apá irin kan níbi iṣẹ́ yín tó ń gbé àpò bí ẹni gbé ìrọ̀rí. Ṣé ó lè tú ẹ́ńjìnnì Bàjáì?"

"Bí wọ́n bá kọ́ ọ."

"Ta ló ń kọ́ ọ?"

"Èmi ni."

Ṣùkúrù wò ó. "Ìwọ fúnra ẹ?"

"Èmi fúnra mi."

"Ó dáa." Ó fi àtàǹpàkò họ ọ́ìlì lábẹ́ èékánná. "Iṣẹ́ wà ní Ṣakí náà. O lè máa ṣe pí-ó-ẹ́sì níwájú ṣọ́ọ̀bù mi. Wàá wà nítòsí."

Ramlah kò mọ ìdí tó fi sọ fún un nípa bọ́tìnì náà. Bóyá torí pé òun nìkan ló lè yé ní gbogbo Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí. Ó sọ bí wọ́n ṣe ń dì í mú, bí apá náà ṣe máa ń dúró bí ọwọ́ bá kúrò.

"Bí ọwọ́ tá a fi ń fún ọ̀kadà níná," ni Ṣùkúrù wí kíá. "Bó o bá tú u sílẹ̀, á padà fúnra ẹ̀. Kò gbọdọ̀ ṣe é ṣe kó máa sáré nìṣó nígbà tí kò sí èèyàn lórí ẹ̀. Bó bá há, pípa ló ń pa—" Ẹ̀rín ojú rẹ̀ sì lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ni.

"Bó bá jẹ́ pé fóònù wà lọ́wọ́ ẹ lánàá," ló bèèrè, "kí lò bá ti sọ?"

Ramlah wá a tọkàntọkàn, nítorí pé ìbéèrè náà tọ́ sí i. "Mi ò mọ̀. Ó ṣeé ṣe kí n gbà."

"Ó tán. Kí ló wá kù?"

"Wọn ò bi mí."

"Èmi ń bi ọ́ báyìí."

Obìnrin kan ń fọ abọ́ lẹ́yìn ilé kejì. Ẹnì kan ń dán ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́sálásí wò, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i lẹ́nu. Ramlah dúró de ọkàn rẹ̀ kí ó sọ nǹkan.

"Bí ojú bá ń tì ọ́, má sọ nǹkan kan," ni Ṣùkúrù wí, ohùn rẹ̀ rọ̀. "Mo mọ bí ẹ̀yin obìnrin ṣe máa ń ṣe. Bí wọ́n bá pe ìrun tó ò tíì sọ̀rọ̀, mo máa mọ̀ pé ó ti yanjú. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ ni ọ́ lára."

Inú rere ló fi sọ ọ́. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó ṣòro. Ìdákẹ́jẹ́ ló rọrùn jù láyé lásìkò náà, ó tẹ́jú, ó móoru bí ibùsùn láàárọ̀ ọyẹ́. Kò ní í ṣe nǹkan kan ju kí ó jókòó síbi tó jókòó sí. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀. Ó ti ká a mọ́ etí páwà báǹkì náà, wọ́ọ́rọ́wọ́, bó ṣe máa ń ká a mọ́ ẹ̀yìn rìmóòtù. Ọkàn rẹ̀ kò sọ nǹkan kan. Ó wá yé e pé bí òun bá ní kí òun dúró títí ọkàn á fi jí, ilẹ̀ á ti ṣú, ìdáhùn ẹlòmíì ló sì máa kù nílẹ̀.

Ó gbé páwà báǹkì náà padà sí ọwọ́ Ṣùkúrù.

"Bùrọ̀dá Ṣùkúrù, ojú kọ́ ló ń tì mí. Mi ò gbà. Mi ò ní fẹ́ yín, ẹ ò sì ṣẹ̀ mí. Lọ́jọ́ Ajé, ibi iṣẹ́ mi ni mò ń padà sí."